Eruku Àgbàdo Lẹ́yìn Ring Road

Ẹni tí kò gbé Ìbàdàn láàárín 1976 sí 1984 kò lè gbà pé adìyẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èèyàn kúrò ní Bódìjà. Ṣebí àdúgbò àwọn ọ̀gá ìjọba ni Bódìjà, èyí tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ nígbà tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, tí koríko tútù àti òdòdó wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọbásanjọ́, nígbà tó ṣì wà nínú aṣọ ológun, gbé ètò Operation Feed the Nation dé ní 1976, gbogbo akọ̀wé àgbà, gbogbo dókítà, gbogbo olùkọ́ yunifásítì tó ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé ló di ọlọ́sìn adìyẹ. Inú àgò onírin ni wọ́n ń kó wọn sí, ìpele lórí ìpele. Ẹyin á yí wá síwájú, ìgbẹ́ á bọ́ sísàlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí oòrùn wá yọ, òórùn tó ń ti ẹ̀yìn ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jáde kì í ṣe ohun tí à ń ròyìn nídìí oúnjẹ.

Gbogbo adìyẹ wọ̀nyẹn ló ń jẹ láàárọ̀, tó sì ń jẹ lálẹ́. Ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí oúnjẹ adìyẹ ló tọ́ èmi náà dàgbà. Míìlì kan wà lẹ́yìn Ring Road, béèyàn bá ti Challenge ń bọ̀, kó tó kan àwọn iléeṣẹ́ Olúyọ̀lé. (Challenge yìí, ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì SIM ló fún un lórúkọ. Àwọn ọmọ tó ń du ààyè nínú mọ́tò Èkó níbẹ̀ lónìí kò lè mọ̀ pé ìwé ni wọ́n ń tà níbẹ̀ rí.) N kò ní dárúkọ míìlì náà, nítorí àwọn ọmọ ẹni tó ni ín ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kò sì tíì parí. Ní àdúgbò wa, Míìlì la ń pè é. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Míìlì, kò sẹ́ni tó máa bi í pé èwo.

Bàámi ló ń gba àgbàdo wọlé níbẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹjọ ni lọ́rí á ti máa wọ́ wá láti Ìsẹ́yìn, Ìgbòho, Ṣakí àti apá Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á máa gun ìwọ̀n ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́nu gẹ́ètì níkọ̀ọ̀kan, tẹrù-tẹrù nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, lófo nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò ń ti Kánò bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ gbé e. Èérí àlìkámà ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníyẹ̀fun tó wà ní Àpápá. Ẹja lílọ̀ àti fítámìn, ọkọ̀ òkun ló ń gbé tiwọn wá. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni olórí gbogbo wọn: nínú àpò oúnjẹ adìyẹ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ àgbàdo.

Bàámi kì í mú àgbàdo tó wà lókè àpò. Ó mọ̀ pé ọlọ́jà máa ń fi èyí tó gbẹ bo èyí tó tutù mọ́lẹ̀. Apá ni ó máa ń kì bọ àárín àpò títí dé ìgúnpá, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ, á fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, á sì ju hóró kan sẹ́yìn eyín. Bó bá dún kàù, ó gbẹ nìyẹn. Á fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ilà sára àpò. Bí eyín bá wọlé láìdún, á tutọ́ sílẹ̀, kò sì ní wo ojú onílọ́rí mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú àgbàdo. Ó ń lò ó, torí ọ̀gá fẹ́ rí nọ́ńbà nínú ìwé, àmọ́ ẹ̀yìn tó bá ti gé e jẹ tán ni.

Ìdí tó fi le koko bẹ́ẹ̀ ni pé àgbàdo tó tutù máa ń bu, èyí tó bá sì bu ń pa adìyẹ. Ọ̀gá wọn, ará Íńdíà kan, ti sọ ìtàn tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ní 1960, tòlótòló tó tó 100,000 kú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, àfìgbà tí wọ́n tú oúnjẹ wọn wò, tí wọ́n bá májèlé nínú ẹ̀pà tó ti bu. Bàámi fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Kò sí onílọ́rí tó bá a jiyàn tí kò sọ ọ́ fún, iye tòlótòló náà sì ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Nínú ilé ìlọ̀, eruku ló ń tú àṣírí ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ọmọ tó ń dúró de bàbá wa ní gẹ́ètì, ìpéǹpéjú la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè: ti ará ìdí àgbàdo á pọ́n rúsúrúsú, ti ará ìdí eegun tí wọ́n ń lọ̀ á funfun báláú, ti ará ìdí ẹ̀pà á dúdú díẹ̀. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun ni a kì í mọ̀ àfi tó bá rẹ́rìn-ín. Ikọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ ìnujú ni wọ́n ń so mọ́ imú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbé ikọ́ yẹn délé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọlọ́sìn Bódìjà máa ń wá. Peugeot 504 lẹ́yìn Peugeot 504, bọnnẹ́ẹ̀tì ń dán, bùútù ń dúró de àpò. Ojú Bàámi a máa dán lọ́jọ́ náà. Kò kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń bi léèrè. Ọ̀kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní adìyẹ òun ò yé mọ́, ó ní bóyá wọ́n ti fi yanrìn lú oúnjẹ. Bàámi bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń fún wọn lómi?" Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni. "Ọmọ ọ̀dọ̀ yìí, ṣé ó ń sùn lọ́sàn-án?" Ọ̀gá náà dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, páálí ẹyin kan ló gbé wá fún Bàámi, kò sì sọ̀rọ̀ yanrìn mọ́.

Màámi ò ṣiṣẹ́ ní Míìlì, síbẹ̀ Míìlì ń bọ́ ọ ju bó ṣe ń bọ́ Bàámi lọ. Àpò ìdọ̀họ tó bá ti ya, tí wọn ò lè fi di nǹkan mọ́, ni ó máa ń rà lọ́wọ́ sítókípà ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Á gbọ̀n ọ́n, á fọ̀ ọ́, á sá a sórí koríko. Lálẹ́, a ó jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀, a ó máa rán an títí ojú á fi máa ṣú wa. Àwọn elélùbọ́ ló ń rà á, àti àwọn tó ń di ẹ̀wà. Èyí tí kò bá ṣeé rán mọ́, àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù á gbà á. Ohun tó bá gbọ̀n jáde lára àpò, adìyẹ ìbílẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣà á jẹ, àwọn yẹn kì í sì í ṣàìsàn. Owó ilé ẹ̀kọ́ girama tèmi àti ti bọ̀dá mi, inú àpò yíya ló ti wá. Owó oṣù Bàámi, ilé abúlé ni ó fi ń kọ́.

Bí gẹ́ètì yẹn ṣe rí nìyẹn. Ìyá Alámàlà wà níbẹ̀, tó ń fi èédú sàmì gbèsè sára ògiri Míìlì gan-an, tí wọ́n bá sì kun ògiri lọ́dún tuntun, ìjà dé. Ẹni tó ń lẹ táyà wà níbẹ̀. Àwọn alábàárù wà níbẹ̀ tí kò sí lórí ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì ń rán owó sílé lóṣooṣù. Lọ́rí tó gbé àgbàdo wá kì í padà lófo. Bí wọ́n bá ti gbowó tán, ó di Gbági, ó di Dùgbẹ̀: páànù, iyọ̀, ìṣó, ankárá, wọ́n á gbé e padà sí Òkè-Ògùn. Owó tí Míìlì san lọ́jọ́ Ẹtì á ti di òrùlé lórí ilé kan ní Ìgbòho kí oṣù tó parí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí a tẹ̀ lé onílọ́rí kan lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì ń na ọwọ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wakọ̀ lọ: "Àgbàdo kọ́ èyí. Àgbàdo kọ́ tọ̀hún náà. Ti ìyẹn, tábà ni."

Tábà tó ń wí yìí, iléeṣẹ́ sìgá ló ń rà á, èyí tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1937, tó wá di Nigerian Tobacco Company (NTC). Lafia Canning, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní apá Moor Plantation, ń ra ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ń fi wọ́n sínú agolo. Cocoa House tó ga fíofío ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1965, owó kòkó ni. Ìkẹjà, tó ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e kó ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá lọ, kí wọ́n lè sún mọ́ èbúté. Ohun tó kù fún Ìbàdàn ni àwọn tó ń jẹ ohun tí oko ń mú jáde, mo sì rò pé tiwa ló sàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kan ṣì ń bínú sí kíkó tí wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ yẹn lọ. Leyland tó ń to lọ́rí àti bọ́ọ̀sì pọ̀ ní Ìbàdàn dé lẹ́yìn náà; irin rẹ̀ ń ti ìlú òyìnbó wá, àgbẹ̀ kan ò sì mọ ọ̀nà ọgbà rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí Míìlì ṣe kú, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. SAP dé ní 1986, nígbà tí òkú ti ń rùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí owó epo pọ̀, tí náírà le, àgbàdo Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé Àpápá, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ ju ti Ìgbòho lọ. Gbogbo hóró rẹ̀ ló dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Kò sí ohun tí Bàámi fẹ́ gé jẹ níbẹ̀. Ọ̀gá paṣẹ pé kí wọ́n máa gba tọkọ̀ òkun kọ́kọ́, kí wọ́n fi tàgbẹ̀ kún un bí àyè bá ṣẹ́kù. Àyè ò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù. Ọ̀wọ́ lọ́rí tó ń tò sí títì ń kúrú lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú àwọn onílọ́rí náà padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù wọn, wọn ò sì wá mọ́. Àgbẹ̀ tó ti ń gbin oko àgbàdo ńlá dín in kù sí ohun tí ilé rẹ̀ máa jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba Èkó lọ.

Ní 1982, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Ṣàgàrí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ dí ọjà òkè òkun lọ́nà. Ẹja lílọ̀ di ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tó di 1985, ìjọba ológun fòfin de àgbàdo òkèèrè pátápátá. Òfin náà ò burú lójú mi. Irúgbìn tó dáa wà nílẹ̀: IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà ní Ìbàdàn níbí láti 1967, wọ́n sì ti ń ṣe àgbàdo tí àrùn kì í tètè mú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni Míìlì fẹ́ lọ? Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò ní gẹ́ètì láti ọjọ́ yìí, wọ́n wá ní kó gbé ẹrù wá láàárín òjò kan. Wọ́n rán Bàámi lọ sí Òkè-Ògùn kó lọ bẹ àwọn àgbẹ̀. Ó dé pẹ̀lú ìwọ̀nba tó rí, ó ní ọ̀kan nínú wọn fún òun ní àga, ó fún òun lómi, ó sì bi òun léèrè àlàáfíà àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ìgbà náà ni SAP wá bọ́ sí i, tí náírà ṣubú, tí fítámìn adìyẹ di ohun ọ̀ṣọ́. Ní oṣù kìíní 1987, wọ́n fòfin de àlìkámà náà. Èérí rẹ̀ bá a lọ. Ní Bódìjà, àwọn ọlọ́sìn ta adìyẹ wọn ní àtàgbé, tìyẹ́-tìyẹ́. Àgò onírin wọ̀nyẹn di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ní Míìlì, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ gba ìsinmi díẹ̀, àwọn máa ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Owó àjẹmọ́nú tí Bàámi ń retí wà nínú lẹ́tà kan tó ń fi ọ̀rá wé, tó ń fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kú láìgbà á.

Ọgbà náà kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ títì. Ìjọ kan gba ilé ìkóǹkansí ńlá, torí òrùlé rẹ̀ ga, ohùn ń dún dáadáa níbẹ̀. Oníṣìmẹ́ńtì gba èyí tó kù. Nígbà tó yá, ìjọ kó lọ síbi tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìkóǹkansí di gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Mo jẹ ìgbéyàwó níbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun àti aláwọ̀ wúrà bo gbogbo òkè, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti inú ẹ̀rọ, MC ń pariwo. Ó dáa, mo jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde síta, mo wo ẹni tó wà ní gẹ́ètì: ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, àti àwọn tó ń darí mọ́tò wọlé tí wọ́n ń tọrọ owó. Ìrẹsì tí a jẹ, òkè òkun ni. Ẹran adìyẹ tó wà lórí rẹ̀, a kò mọ ibodè tó gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ títún ìlú ṣe ní Ìbàdàn, ilé ìtajà ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo rántí bí gbogbo èèyàn ṣe ya lọ wo The Palms ní Ring Road nígbà tó ṣí, àti Cocoa Mall ní Dùgbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House. Èmi náà lọ. Mo gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, mo ra búrẹ́dì. N kò bá wọn jà, ọ̀dọ́ ìlú rí iṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá ò ní kí ará Ṣakí gbin nǹkan kan. Àwa Ìbàdàn kan náà la sì ní ilé ìtajà Agbowó níwájú yunifásítì, tó di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ewúrẹ́ ń sùn ní ibi tí wọ́n ní kí báǹkì wà. Ní Olúyọ̀lé níbẹ̀, níbi tí P&G ti ní iléeṣẹ́, a gbọ́ ní oṣù kejìlá 2023 pé wọn ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé wọ́n á kàn máa kó o wọlé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọgbà ńláńlá mìíràn tún ń bọ̀ tí àwọn ènìyàn á máa yàwòrán ṣọ́ọ̀bù lé lórí.

Àbúrò mi kan tó ń gbé Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú mi lọ wo míìlì kan tó kú tó sì tún jí níbẹ̀, Salts Mill. Olówó kan tó ń jẹ́ Titus Salt ló kọ́ ọ, ó ṣí i ní 1853, ó ń hun irun àgùntàn àti irun alpaca di aṣọ. Ó kọ́ ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n ta ọtí láàárín wọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́, torí mo ronú kan ẹlẹ́mu tó wà ní gẹ́ètì wa. Ní 1986 ni míìlì náà pa, ọdún tí SAP dé ọ̀dọ̀ wa gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jonathan Silver, ọmọ Bradford kan tó ti ta aṣọ rí, rà á. Ó fi àwòrán David Hockney, ọmọ ìlú náà, kọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ṣí ilé ìtàwé. Ohun tí àwọn afinimọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé iléeṣẹ́ Pace, tó ń ṣe àpótí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wà nínú ọgbà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ń wo àwòrán, àwọn kan ń ṣiṣẹ́. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Saltaire, tí wọ́n tún ṣí ní 1984, sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti Leeds, kò jìnnà. Àbúrò mi ní ògo àwòrán ló gba ibẹ̀ là. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni. A jiyàn dé ilé.

Ní ti wa, ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021, Moniya ló dúró sí, òdì kejì ìlú. Tàtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ ni ó já sí, àárín ọjà gan-an, kí ẹ̀pà lè bọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹni tó fẹ́ ẹ wà.

Kò tíì pẹ́ tí àwọn ajogún Míìlì pe àwa òṣìṣẹ́ àtijọ́ àti ọmọ òṣìṣẹ́ sí ìpàdé. Wọ́n fẹ́ tún ọgbà náà ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kò lè rí ẹni bá wọn dòwò pọ̀ bí ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú bá ṣì wà nílé ẹjọ́. Inú gbọ̀ngàn ayẹyẹ náà la jókòó sí, lórí àga oníribọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ayàwòrán-ilé fi àwòrán hàn wá lára ògiri: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, fúláàtì lókè, gbọ̀ngàn tuntun, ibi ìgbọ́kọ̀sí, igi ọ̀pẹ kéékèèké. Ó rẹwà. Ó ní yóò mú ìdàgbàsókè bá gbogbo agbègbè náà. Mo bi í pé kí ni ọgbà yìí máa rà lọ́wọ́ ará Ìgbòho. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó ní, "Màmá, gbogbo ènìyàn ló lè wá rajà."

Ọ̀kan nínú wa, tó ti ṣe fọ́máànù nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀, dìde. Ó ní kí wọ́n jáde lọ wo Ìbàdàn. Míìlì kéékèèké ti kún inú ìlú báyìí, ẹlòmíràn ò ju ẹ̀rọ ìlọ̀ kan àti ẹ̀rọ ìpò kan lọ. Ẹni tó ń sin adìyẹ á gbé àgbàdo tirẹ̀ àti sóyà tirẹ̀ wá, wọ́n á bá a lọ̀ ọ́, wọ́n á bá a pò ó bó ṣe fẹ́, á sanwó iṣẹ́. Ohun tí wọn ò ní ni ibi gbígbẹ tí wọ́n lè tọ́jú àgbàdo sí ní oṣù kẹsàn-án nígbà tó pọ̀, kí wọ́n má baà rà á ní ìlọ́po nígbà tó bá di oṣù karùn-ún. Wọn ò ní ìwọ̀n tí àgbẹ̀ gbà gbọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn sójú títì, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọgbà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn kí wọ́n yá a, kí wọ́n máa tọ́jú àgbàdo síbẹ̀, kí wọ́n máa lọ̀ ọ́ níbẹ̀.

Obìnrin kan nínú àwọn ajogún, òun ló dà bí ẹni tó ń ronú jù nínú wọn, bi í pé iná ńkọ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn oníbáńdì A lọ sí ₦225 fún yúnítì kan, ẹ̀rọ ìlọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tan ṣeré. Fọ́máànù ní kí wọ́n máa fi sólà gbé ti ọ̀sán, torí ọ̀sán ni àgbàdo ń dé. Ayàwòrán-ilé ní òrùlé gbọ̀ngàn tuntun yóò ní ìtẹ̀síwá-ìtẹ̀sẹ́yìn, sólà kò ní jókòó dáadáa sórí rẹ̀. Fọ́máànù ní kí wọ́n tẹ́ òrùlé náà pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, fọ́máànù tún bi wọ́n pé ìwọ̀n ńlá tó wà lẹ́nu gẹ́ètì ńkọ́, wọ́n kàn da sìmẹ́ńtì lé e ni, irin rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ayàwòrán-ilé ṣí ìwé rẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ìwọ̀n kankan nínú rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà níbẹ̀. Wọ́n sún ìpàdé sí ẹ̀yìn Iléyá. Akọ̀wé wọn ń kọ ohun tí a máa sọ nígbà yẹn sílẹ̀: ẹ̀yìn ọgbà, iná, òrùlé. A ní kó fi ilà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó kọ owó àjẹmọ́nú sí nọ́ńbà kìíní, kó sì ka á sókè kí gbogbo wa gbọ́.